Pẹ́dàlì Le, Mọ́tò Ò Dúró: BMW E36 Kan Tí Wọ́n Yọ Hydrovac Rẹ̀

BMW 328i onílẹ̀kùn méjì ni mọ́tò náà, ti ọdún 1996, irú èyí tí àwọn tó mọ BMW dunjú ń pè ní E36. Tòkúnbọ̀ ni, ó sì ti pẹ́ nígboro Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín kì í gbé e lọ síbi iṣẹ́. Eré ló rà á fún, kò sì sí ibi tí kò tíì fọwọ́ kàn lára rẹ̀. Ó ti pààrọ̀ sípíríǹgì, ó ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ó ti yọ ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ó sì ti fi dísìkì 315 mílímítà, irú ti M3, síwájú pẹ̀lú kálípà onípístìnì mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ti pádì mọ́ dísìkì. Títí débẹ̀, mọ́tò náà ń dúró dáadáa.

Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ra odidi pẹ́dàlì àwọn eléré, èyí tí bíréèkì rẹ̀ ní mástà méjì tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì ní ọ̀kan. Mástà ni ẹ̀yà tó ń fi agbára ẹsẹ̀ ti ọ́ìlì lọ sínú páìpù. Ṣọ́ọ̀bù kan bá a tú pẹ́dàlì tó bá mọ́tò wá, wọ́n yọ mástà àti hydrovac, agolo tó ń bá ẹsẹ̀ awakọ̀ tẹ bíréèkì, wọ́n sì de pẹ́dàlì tuntun mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ mi ní Mushin, ó ti gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì mìíràn, pádì ni gbogbo wọn sì ń pààrọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ wò," ló kọ́kọ́ sọ. "Bíréèkì yìí le gan-an, kì í lọ sílẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà lórí eré tí mo tẹ̀ ẹ́, ṣe ni mọ́tò máa ń bá tiẹ̀ lọ."

Mo tẹ̀ ẹ́, òótọ́ ló sọ. Pẹ́dàlì náà kò rìn ju ìka méjì lọ kó tó dúró gbọin. Ní ṣọ́ọ̀bù wa níbí, bíréèkì tó bá ń lọ sílẹ̀ là ń bẹ̀rù. Èyí tó bá wà lókè, tó dúró lábẹ́ ẹsẹ̀, a ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Èrò yẹn ló ṣi àwọn tó ti rí mọ́tò náà ṣáájú mi lọ́nà. Wọ́n ní bíréèkì ti dára, ó ku pádì.

Kí ó tó yé èèyàn, ó yẹ kí a sọ ohun tí hydrovac ń ṣe. Agolo dúdú ńlá tó máa ń wà láàárín pẹ́dàlì àti mástà nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń fa ti inú agolo yìí pẹ̀lú, ìyàtọ̀ láàárín inú rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ìta ló sì ń bá ẹsẹ̀ awakọ̀ ti mástà. Àwọn eléré kì í sábà fẹ́ràn rẹ̀. Tí wọ́n bá fi kámúṣáàfù eré, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, sínú ẹ́ńjìnnì, fífa afẹ́fẹ́ yẹn máa ń dínkù, ìrànlọ́wọ́ náà á sì di ségesège. Ó tún ń gba àyè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú wọn ni pé mástà méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ń jẹ́ kí awakọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín bíréèkì láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Gbogbo ìdí wọ̀nyí ló tọ́ fún mọ́tò eré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti yọ hydrovac ti yọ ẹni tó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ wá agbára yẹn níbòmíràn.

Mi ò fọwọ́ kan pádì. Mo tú ibi tí a ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde lára kálípà iwájú, mo de gééjì sí i, mo sì ní kí onímọ́tò jókòó kó fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ti ẹ̀yìn mọ́ ìjókòó, ó tẹ̀ ẹ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Gééjì kò ju 38 bar lọ; bar ni a fi ń ka bí ọ́ìlì ṣe ń ti nǹkan tó. Ọ̀rọ̀ ti di ti ìṣirò nìyẹn.

Pẹ́dàlì kọ́kọ́. Mo wọn láti ibi tí apá rẹ̀ ti ń yí dé àárín ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, mo sì wọn láti ibi tó ti ń yí kan náà dé ibi tó ti ń ti mástà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po 5.1 ti èkejì. Bí awakọ̀ bá fi agbára 45 kílò tẹ̀ ẹ́, tí kì í ṣe kékeré, nǹkan bíi 230 kílò ló máa jáde ní òdìkejì. Mástà méjì ló máa pín in, 115 kílò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọ̀pá àárín wọn bá wà ní ìdọ́gba. Mástà tí wọ́n de sí i fẹ̀ ní 22.2 mílímítà, ìyẹn ojú tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 3.88. Ẹ fi 3.88 pín 115: nǹkan bíi 30 kílò lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 30 bar lójú gééjì.

Kí ni mọ́tò náà wá nílò? Pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀, ó wúwo tó 1,400 kílò. Mo lo ìwọ̀n dísìkì iwájú àti ti ẹ̀yìn, fífẹ̀ pístìnì, àti 0.4 fún bí pádì ojú títì ṣe ń di dísìkì mú. Kí bíréèkì tó lè fi agbára tó jẹ́ ìdá 85 nínú 100 ìwúwo mọ́tò fà á sẹ́yìn, tó jẹ́ ìdúró pàjáwìrì gidi lórí táyà tó dára, nǹkan bíi 58 bar ló gbọ́dọ̀ dé kálípà. Ohun tó ń dé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì lọ. Ẹ bá mi pààrọ̀ pádì síwájú sí i!

Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní kálípà onípístìnì mẹ́rin yẹ kó lágbára ju oní-ẹyọ-kan tó bá mọ́tò wá lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ta á kì í sì í tètè sọ òdìkejì. Mo ní kó wọn ọ́n. Pístìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ̀ ní 38 mílímítà, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan dísìkì, àpapọ̀ ojú méjì yẹn sì jẹ́ 22.7. Pístìnì ẹyọ kan tó bá E36 wá fẹ̀ ní 54 mílímítà, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 22.9. Ẹ̀gbẹ́ kan la máa ń kà, nítorí pé kálípà ẹlẹ́yọ-kan ń rìn lórí píìnì rẹ̀, ó ń fa pádì òdìkejì wá pẹ̀lú agbára kan náà. Nítorí náà, ti agbára títẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tí kálípà tuntun fi sàn jù ni pé ó ń tẹ pádì dọ́gba dọ́gba, ó ń gba ooru mọ́ra, kì í sì í ya ẹnu. Dísìkì tó tóbi jù ló fi ìwọ̀nba agbára kún un.

Báwo ni ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ṣe wá dé orí 22.2? Onímọ́tò sọ fún mi pé wọ́n wọn mástà tó bá mọ́tò wá ni, wọ́n sì ra èyí tó bá a mu. Mo gbà pé ọkàn rere ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n mástà yẹn ní hydrovac lẹ́yìn, wọ́n sì ti yọ hydrovac kúrò. Láìsí ìrànlọ́wọ́, mástà tó fẹ̀ ń ti ọ́ìlì púpọ̀ pẹ̀lú agbára díẹ̀. Tóóró ń ti ọ́ìlì díẹ̀ pẹ̀lú agbára púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí pẹ́dàlì fi kúrú tó sì le: ọ́ìlì tó pọ̀ ti kún kálípà kí ẹsẹ̀ tó rìn, ó sì kù sí ẹsẹ̀ nìkan láti ti ògiri. Kékeré ló lágbára jù níbí, ó sì ṣòro fún èèyàn láti gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó dọ́là lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń tú nǹkan, mo rí àwọn mìíràn tí gééjì kò lè sọ fún mi.

Ọ̀pá tó pín agbára ni àkọ́kọ́. Ó dùbúlẹ̀ láàárín mástà méjèèjì bí ọ̀pá òṣùwọ̀n: pẹ́dàlì ń ti àárín rẹ̀, etí kọ̀ọ̀kan ń ti mástà kan, nọ́ọ̀bù kan sì ń sún àárín yẹn sọ́tùn-ún tàbí sósì. Etí tí àárín bá sún mọ́ ló ń gba ipín tó pọ̀ jù. Ọ̀pá yìí gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé mástà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin iye kan náà, àti nítorí pé bí páìpù kan bá bẹ́, etí yẹn gbọ́dọ̀ lè lọ síwájú kí èkejì lè máa ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fún orí ọ̀pá mástà méjèèjì mọ́ ọn pinpin, kò sí àlàfo kankan. Tí ọ̀kan bá bẹ́, ó ṣeé ṣe kí méjèèjì lọ.

Èkejì ni irin pẹlẹbẹ tó pín ibi ẹ́ńjìnnì níyà sí ibi ẹsẹ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ bíréèkì, mo sì ń wo ibẹ̀ láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Irin náà ń wú síta! Ó tó mílímítà 4. Ẹ fi 5.1 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti jẹ ogún mílímítà nínú ìrìn pẹ́dàlì lásán. Hydrovac tí wọ́n yọ ní ìdè tirẹ̀ tó pín agbára kálẹ̀. Pẹ́dàlì tuntun ń ti ibi kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ló bà mí lẹ́rù jù, ó sì kéré jù lójú. Páìpù BMW ń lo nọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní mílímítà 10, tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ní mílímítà 1. Mástà tuntun ń lo nọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íǹṣì, ìyẹn mílímítà 9.5, eyín 24 nínú íǹṣì kan. Níbi tí páìpù tuntun ti pàdé ti àtijọ́, wọ́n ti nọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà bọ inú ihò BMW. Ó wọlé, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó fún. Ṣùgbọ́n eyín díẹ̀ ló mú, ó sì mú wọn gẹ́gẹ́rẹ́. Nígbà tí mo tú u, eyín ihò náà ti ń já bọ́. Orí páìpù gan-an kò bára mu: ti BMW máa ń rí róbótó bí ìléròrò, ti Amẹ́ríkà máa ń ya ẹnu tí wọ́n sì pa á pọ̀ sínú. Ẹni bá fi ọ̀kan sí ojú ìjókòó èkejì, ó lè máa rí i kó gbẹ lónìí, kó máa sun ọ́ìlì lọ́la.

Họ́ọ̀sì tó ti agolo ọ́ìlì wá sí mástà jẹ́ họ́ọ̀sì pẹtiróòlù. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń jẹ irú rọ́bà yẹn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀: ọ́ìlì inú agolo ti dúdú, àwọn ègé rọ́bà kéékèèké sì wà nínú rẹ̀. Rọ́bà tó wà nínú mástà, ní tirẹ̀, kò lè gba pẹtiróòlù tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lé ẹni tó bá fẹ́ fi pẹtiróòlù fọ ẹ̀yà bíréèkì jìnnà sí tábìlì mi.

Iná ẹ̀yìn ńkọ́? Síwíìtì rẹ̀ wà lára ìdè pẹ́dàlì àtijọ́. Kò sẹ́ni tó gbé e wá sí tuntun. Mọ́tò yìí ti ń gorí afárá Third Mainland, ó ń tẹ bíréèkì tí kò fi bẹ́ẹ̀ mú, láìsí iná kankan tó ń sọ fún onídánfó tó wà lẹ́yìn. Mo béèrè lọ́wọ́ onímọ́tò bóyá ó mọ̀. Ó ní òun rò pé gílóòbù ló jó.

Kílọ́ọ̀ṣì kò gbà mí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mástà 22.2 kan náà ni wọ́n fi sí i, nítorí pé mẹ́ta ni wọ́n rà pọ̀. Ó ń ti ọ́ìlì ju bó ti yẹ lọ, kò sì sí ohun tó ń dá pẹ́dàlì dúró nísàlẹ̀, nítorí náà ó ń tẹ ìka irin kílọ́ọ̀ṣì kọjá ibi tó yẹ. Mo pa á dà sí 19.05, èyí tó dín ọ́ìlì tó ń lọ kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin àti díẹ̀, mo sì de bọ́ọ̀tì ìdádúró sábẹ́ pẹ́dàlì: ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí jíà ti ń wọlé láìpariwo.

Fún bíréèkì, a kọ̀wé béèrè mástà méjì tó fẹ̀ ní 15.9 mílímítà. Ojú rẹ̀ jẹ́ 1.98, ìyẹn bíi ìdajì ti àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ 45 kílò kan náà yóò fún wa ní 58. Ìyà ibẹ̀ ni pé ìrìn pẹ́dàlì yóò di ìlọ́po méjì, nítorí náà mo ṣírò bóyá ìrìn mástà máa tó. Pístìnì mẹ́jọ tó wà níwájú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní àlàfo ìdá méjì nínú mẹ́wàá mílímítà láti bò, nílò sẹ̀ǹtímítà oníhà-mẹ́ta 1.8 ọ́ìlì. Mástà yóò rin mílímítà 9 fún un, pẹ́dàlì yóò sì rin nǹkan bíi 46. Ìrìn mástà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àyè sì kù fún ooru àti wíwú họ́ọ̀sì.

Kí wọ́n tó dé, wẹ́ẹ̀dà bá wa fi irin pẹlẹbẹ onímílímítà mẹ́ta sí ẹ̀yìn ibi tó ń wú, ó fẹ̀ kọjá ihò bọ́ọ̀tì gbogbo, ó sì gbá etí ibi tí irin mọ́tò ti nípọn mú. A gé páìpù àtúnṣe kúrò pátápátá, a lo páìpù bàbà tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ níkẹ́lì, a sì ṣe orí kọ̀ọ̀kan bí ibi tó ń lọ ṣe fẹ́ ẹ. Ihò tí eyín rẹ̀ ti já, a kò tún un ṣe. A pààrọ̀ ẹ̀yà náà. Ní ọjà Ládipọ̀, ọ̀gbẹ́ni kan fẹ́ ta ọ́ìlì DOT 5 fún ọmọ iṣẹ́ mi, ó ní márùn-ún ṣáà ju mẹ́rin lọ. DOT 5 jẹ́ ti sílíkónì, kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. DOT 4 la rà, ó ní ìdérí tí a kò tíì ṣí. Nígbà tí kò bá tíì fa omi mu, kì í hó kó tó dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius. Tó bá ti fa omi mu, ó lè hó ní 155, afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún omi. Mo sọ fún onímọ́tò pé kó máa dà á nù lọ́dọọdún.

Bí a bá ń fa afẹ́fẹ́ jáde lára irú bíréèkì yìí, kálípà iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan la máa ń ṣí pọ̀. Tí a bá ṣí ọ̀kan nìkan, ọ̀pá àárín á tẹ̀ títí á fi kọlu ibì kan, afẹ́fẹ́ kò sì ní jáde tán. Lẹ́yìn ìyẹn la ṣètò gígùn ọ̀pá mástà: iwájú ń rìn ju ẹ̀yìn lọ, nítorí náà a jẹ́ kí ọ̀pá àárín tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí rẹ̀, kó lè wá gún régé nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. A fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Síwíìtì iná ẹ̀yìn wá jókòó sára apá pẹ́dàlì, iná sì ń tàn kí pádì tó kan dísìkì. Họ́ọ̀sì agolo tuntun jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì bíréèkì.

Onímọ́tò wá tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ó ti rọ̀. Ó ń lọ sílẹ̀."

Mo ní kó má sọ̀rọ̀, kó tún fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ṣe níjọ́sí, kó sì wo gééjì fúnra rẹ̀. Ó kọjá 70 kí ojú rẹ̀ tó pọ́n.

A gbé e lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí ẹ́sítéètì kan láàárọ̀ Sunday, nígbà tí mọ́tò kò sí níbẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ àwọn olùṣọ́. A kọ́kọ́ fi ìdúró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ mú pádì bá dísìkì mọ́ra, lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ gidi. Nígbà tí nọ́ọ̀bù wà láàárín, táyà iwájú ló kọ́kọ́ ń há, ti ẹ̀yìn ṣì ń yí pẹ̀lú àyè púpọ̀. Bí ìṣirò ṣe sọ nìyẹn: níbi tí agbára bá ti dọ́gba lọ sí ọ̀nà méjèèjì, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bíréèkì ló wà níwájú mọ́tò yìí. Mo sún un díẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn títí iwájú fi ń há ṣáájú ẹ̀yìn ní ìwọ̀nba, mo sì dúró níbẹ̀. Kò sí ABS mọ́. Tí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, mọ́tò á yí. Onímọ́tò fẹ́ kí n tún sún un sẹ́yìn sí i, ó ní ó ń wu òun kí ìdí rẹ̀ máa yọ̀. Mo ní kó máa lo háńbíréèkì fún ìyẹn. Ti E36 ń fi wáyà fa ṣúù kékeré inú dísìkì ẹ̀yìn, kò bá ọ́ìlì ṣe pọ̀, nítorí náà gbogbo ohun tí a ṣe yìí kò kàn án.

Tí ó bá jẹ́ mọ́tò tèmi, tí mo ń wà á nínú sún-kẹrẹ Ìkòròdú Road, mi ò ní yọ hydrovac rẹ̀. Pádì tó dára, họ́ọ̀sì onírin àti ọ́ìlì tuntun ìbá ti fún un ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń wá, láìyọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mọ́tò tirẹ̀ ni, ó sì ti yàn.

Mo ti fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí nọ́ọ̀bù wà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá bá a gbé e ní ọjọ́ tó fẹ́ mú un lọ. Ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kù họ́ọ̀sì rọ́bà méjì tó wà lẹ́yìn, àwọn tó bá mọ́tò wá ní 1996, tí kò tíì pààrọ̀. Onímọ́tò ní tí owó bá wọlé lóṣù tó ń bọ̀.